Fáànù Tó Ń Fẹ́ Síta

Bébà ìròyìn náà kò lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀. Ó fò padà, ó lu Buraimoh láyà, ó sì já bọ́ sínú ẹrẹ̀.

Buraimoh mú un nílẹ̀, ó ya apá tó ti rin dànù, ó tún na èyí tó kù síwájú rédíétọ̀ tuntun náà. Ẹ́ńjìnnì jíìpù ń lọ, fáànù méjèèjì tó wà lẹ́yìn rédíétọ̀ sì ń yí fùfù. Fáànù tó bá ń ṣiṣẹ́ rẹ̀ bó ti yẹ, ńṣe ló máa ń fa afẹ́fẹ́ wọlé láti iwájú ọkọ̀, bébà á sì lẹ̀ mọ́ rédíétọ̀ pinpin bí ẹni pé wọ́n fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́. Èyí ń fẹ́ síta. Bébà tún fò padà, afẹ́fẹ́ gbígbóná láti ara ẹ́ńjìnnì tẹ̀lé e, ó fẹ́ ẹ lójú.

"Buraimoh!" Qowiyyu, tó ń lu ara ọkọ̀ ní ìsọ̀ kejì, ti dá òòlù rẹ̀ dúró. "Ṣé ìròyìn lò ń kà fún ẹ́ńjìnnì ni?"

"Ó ní kí n ka ti bọ́ọ̀lù fún òun," ni Buraimoh dá a lóhùn, ṣùgbọ́n kò rẹ́rìn-ín.

Obìnrin tó ni ọkọ̀, Régine, yọ orí láti ojú fèrèsé. Faransé ló fi sọ̀rọ̀, nítorí ará Gabon ni. "Kí lò ń fi bébà ṣe níbẹ̀?"

"Òógùn ni mò ń nù, Madame."

"Nù ún kíákíá. Mo fẹ́ máa lọ."

Buraimoh ká bébà náà sínú ọwọ́.

Agbẹ̀bí ni Régine. Jíìpù yìí ló máa ń fi gbé aláboyún jáde láti àwọn abúlé inú igbó tó wà lẹ́yìn Ndjolé, níbi tí ojú ọ̀nà ti di ẹrẹ̀ pupa, tí fóònù kì í sì í wọlé. Rédíétọ̀ tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ti dípẹtà. Omi odò ni wọ́n ń bù sí i lójú ọ̀nà, ìdọ̀tí odò sì ti dí i nínú pátápátá. Nígbà òjò tó kọjá, ọkọ̀ náà hó lórí òkè kan, pẹ̀lú aláboyún tó ń rọbí nínú rẹ̀. Ibẹ̀ ni ilẹ̀ mọ́ bá wọn. Ìyá yè, ọmọ kò yè. Régine sọ ọ̀rọ̀ náà fún Buraimoh lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ gbé ọkọ̀ wá sí Oloumi, àdúgbò àwọn mẹkáníìkì ní Libreville. Kò sunkún. Ó kàn ní, "Mi ò fẹ́ rí irú ẹ̀ mọ́. Ohun tó bá gbà, ẹ ṣe é."

Wọ́n sì ṣe é. Buraimoh yọ èyí tó ti bàjẹ́, ó fi rédíétọ̀ alumíníọ́mù tó nípọn sí i, ó jó irin tí yóò gbé e dúró kó má baà máa mì nínú kòtò. Ó pààrọ̀ gbogbo rọ́bà tí omi ń gbà. Irin kékeré kan wà nínú ẹ́ńjìnnì tó máa ń ṣílẹ̀kùn fún omi nígbà tí ara ẹ́ńjìnnì bá gbóná, èyí tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì àdúgbò yìí máa ń yọ jù sínú gọ́tà, tí wọ́n á ní òun ló ń mú ọkọ̀ hó. Buraimoh kò jù ú nù, tuntun ló fi rọ́pò rẹ̀. Fáànù àtijọ́ tí ẹ́ńjìnnì ń fi bẹ́líìtì yí, tó máa ń ṣẹ́ tí ọkọ̀ bá wọ odò, ni wọ́n yọ kúrò, wọ́n sì fi méjì tó ń lo iná bátìrì sí i.

Ibi iná bátìrì yẹn ni iṣẹ́ ti kúrò lọ́wọ́ Buraimoh. Láàárín àwọn oníṣẹ́ ọwọ́ tiwa ní Oloumi, oní-rédíétọ̀ kì í fọwọ́ kan wáyà, rewáyà tó ń so iná ọkọ̀ náà kì í fọwọ́ kan rédíétọ̀. Bí o bá rí àṣìṣe ẹnì kejì rẹ, o kò gbọdọ̀ sọ ọ́ níwájú ọlọ́kọ̀. Wàá pè é sí kọ̀rọ̀ ni. Ẹni tó bá ṣe òdìkejì, kò sí ẹni tí yóò tún gbé iṣẹ́ wá bá a mọ́.

Rewáyà tó so fáànù yìí kì í sì í ṣe ẹlẹgbẹ́ Buraimoh. Ẹ̀gbọ́n Ayọ̀dé ni, ọmọ Ṣakí, tí orí rẹ̀ ti funfun. Nígbà tí Buraimoh ti Kétu, ní ilẹ̀ Benin, dé sí Libreville, tí kò mọ ẹnì kan, tí kò gbọ́ èdè ẹnì kan yàtọ̀ sí Nàgó tirẹ̀ àti Faransé táátààtá, Ayọ̀dé ló gbà á sílé, tó sì pín ìdajì ìsọ̀ rẹ̀ fún un. "Nàgó ni ẹ́, Yorùbá ni mí, kí ló kù?" Bó ṣe sọ nìyẹn lọ́jọ́ náà. Kò béèrè ohunkóhun ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Buraimoh lọ bá a lábẹ́ páànù, níbi tó jókòó sí lórí àga tí wọ́n tú lára takisí kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ dákun, ẹ wá gbọ́ nǹkan kan."

"Sọ ọ́ níbẹ̀."

"Ẹ dìde wá ni, ẹ̀gbọ́n."

"Kí lo ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́ sí? Ṣé o fẹ́ fẹ́yàwó kejì ni?"

"Fáànù yẹn ni."

"Ṣé kò yí ni?"

"Ó ń yí."

"Ó parí nìyẹn. Kí ni fáànù tún ń ṣe nílé ayé?"

"Bó ṣe ń yí ni, ẹ̀gbọ́n. Ẹ bá mi wò ó, bóyá wáyà…"

Ojú Ayọ̀dé yí padà. "Bóyá wáyà ṣe kí ni? Buraimoh, níbo lo ti kọ́ṣẹ́ wáyà? Kétu ni àbí ojú àlá? Nígbà tí mo ti ń wáyà tírélà ní Ṣakí, ìyá ẹ ò tíì mọ bàbá ẹ. Lọ wo rédíétọ̀ ẹ kó má jò. Wáyà tèmi ti parí."

Buraimoh dúró. Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ kíyè sí i pé bí ẹ̀gbọ́n ṣe ń fìbínú sọ̀rọ̀ yìí, òun kọ́ ni ojú rẹ̀ ń wò. Èjìká òun ló ń wò, tàbí ibi tí ohùn òun ti ń jáde. Ó wá rántí pé ó ti pẹ́ díẹ̀ tí Ayọ̀dé kì í ti í pe orúkọ ènìyàn àyàfi tí ẹni náà bá kọ́kọ́ kí i. Ó rántí ọjọ́ tí òun ní kí ẹ̀gbọ́n na tépù pupa sí òun, tí ẹ̀gbọ́n na dúdú, tí àwọn méjèèjì fi rẹ́rìn-ín. Buraimoh rò pé ẹ̀fẹ̀ ni.

Búlúù àti dúdú ni wáyà fáànù náà. Tí o bá gbé ọ̀kan sí ipò èkejì, fáànù á yí sódì.

Fèrè ọkọ̀ dún. "Ẹ̀yin èèyàn yìí!" Régine ti wọ bẹ́líìtì ara àga. "Ẹ wo ojú ọ̀run! Tí òjò bá ká mi mọ́ Kango, mi ò lè dé abúlé tí mò ń lọ lónìí. Aláboyún kan ń dúró dè mí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti wú, tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ga. Ṣé ẹ gbọ́?"

Loòótọ́ ni òjò ń bọ̀ láti apá òkun. Buraimoh wo ojú ọ̀run, ó wo jíìpù. Ó mọ ohun tí yóò ṣẹlẹ̀ bí ẹni tó ń wò ó lójú fèrèsé. Nígboro, kò ní sí nǹkan kan. Rédíétọ̀ tuntun náà tóbi, omi inú rẹ̀ pọ̀, yóò bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀ títí ọkọ̀ á fi kọjá PK ní etí ìlú, bóyá títí á fi kọjá Ntoum pàápàá. Inú ẹrẹ̀ ni yóò ti tú. Lórí òkè, pẹ̀lú jíà kìíní, níbi tí ọkọ̀ kò ti lè sáré kí atẹ́gùn fẹ́ sí i, fáànù tó yẹ kó gba ẹ́ńjìnnì là ni yóò máa da ooru ẹ́ńjìnnì padà sí rédíétọ̀ lára. Yóò sì hó. Obìnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru yóò sì wà lẹ́yìn ọkọ̀.

Bí òun bá sọ pé wáyà ni, kí ilẹ̀ tó ṣú, gbogbo awakọ̀ takisí á ti gbọ́ pé rewáyà Oloumi ti fọ́jú. Ta ni yóò tún gbé ọkọ̀ wá fún un? Kí ni bàbá náà yóò máa jẹ?

Régine tú búréèkì ọwọ́. Ọkọ̀ mì díẹ̀.

Buraimoh sáré bọ́ síwájú rẹ̀, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ lé bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Ẹ pa á, Madame! Ẹ pa ẹ́ńjìnnì. Ọkọ̀ yìí kò tíì lè lọ."

Ẹ́ńjìnnì kú. Òòlù Qowiyyu náà dákẹ́. Ayọ̀dé ti dìde lábẹ́ páànù, ó dúró gbọnin, ó na etí.

"Kí ló dé?" ni Régine wí.

"Àṣìṣe kan wà níbẹ̀." Buraimoh kò gbé ọwọ́ kúrò lórí bọ́nẹ́ẹ̀tì. "Tèmi ni. Èmi… èmi ni mo gbé fáànù sódì."

Régine bọ́ sílẹ̀. Ó wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó tún wò ó láti ilẹ̀ dé òkè.

"Ṣebí o ní o ti dán an wò?"

"Mo dán an wò, Madame."

"Kí lo fi dán an wò? Ẹnu? Ìwọ Béninois yìí, ṣé o rántí ohun tí mo sọ fún ẹ nípa ọmọ yẹn? O rántí, àbí o ò rántí?"

"Mo rántí."

"O rántí! O wá jẹ́ kí n jókòó sídìí ọkọ̀, kí n so bẹ́líìtì mọ́ra, kí o tó rántí!"

Buraimoh dorí kodò. Ó ti mọ̀ pé yóò bú òun. Ohun tí kò mọ̀ ni ohùn tó gbọ́ lẹ́yìn ara rẹ̀.

"Mo sọ fún un, Madame." Ayọ̀dé ń bọ̀ díẹ̀díẹ̀, ó ń fi ẹsẹ̀ wá ilẹ̀. "Mo ní kó máa fara balẹ̀. Wàdùwàdù ni tiwọn, àwọn ọmọ ìsinsìnyí. Ẹ má bínú. Ẹ fún wa láyè díẹ̀, a ó tún un ṣe."

Buraimoh ti fara gba omi rédíétọ̀ gbígbóná rí, ó ní àpá rẹ̀ lápá. Kò ta á tó báyìí. Ó wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò wò ó. Qowiyyu láti ìsọ̀ kejì pòṣé, ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í lu irin rẹ̀.

"Papa, tìtorí tiyín ni mi ò ṣe tíì pariwo," ni Régine wí. Ó mú fóònù rẹ̀, ó lọ sí ẹ̀bá títì láti pe ọ̀gá rẹ̀ ní ilé ìwòsàn.

Àwọn méjèèjì dojú kọ ẹ́ńjìnnì. Ayọ̀dé tú tépù kúrò lára wáyà, ìka rẹ̀ mọ ọ̀nà, kò wá nǹkan kan tì. Ṣùgbọ́n nígbà tó ya wáyà méjèèjì sọ́tọ̀, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó gbé wọn sókè síhà ìmọ́lẹ̀. Ó sún wọn mọ́ ojú ọ̀tún, ó sún wọn mọ́ ojú òsì. Ó pa ojú méjèèjì dé, ó tún là wọ́n.

"Búlúù lèyí tó wà lọ́wọ́ òsì yín, ẹ̀gbọ́n," ni Buraimoh wí pẹ̀lẹ́.

"Ta ló bi ọ́?"

Wọ́n dúró bẹ́ẹ̀, orí àwọn méjèèjì wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ooru ẹ́ńjìnnì ń fẹ́ sí wọn lára.

"Ìwọ náà ti mọ̀," ni Ayọ̀dé wí nígbẹ̀yìn.

"Òní ni mo mọ̀. Láti ìgbà wo ni, ẹ̀gbọ́n?"

"Ó ti pẹ́. Ó kọ́kọ́ dà bí èéfín. Mo ní èéfín Oloumi ni." Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín tí kò dé ibì kan. "Nígbà tó yá, mo kúrò nínú èéfín, èéfín kò kúrò lójú mi."

"Ẹ kò lọ rí dókítà?"

"Kí dókítà sọ ọ́ jáde kí gbogbo ayé gbọ́? Rewáyà tí kò ríran, Buraimoh. Ìwọ náà gbọ́ bó ṣe ń dún." Ó fọwọ́ pa wáyà náà. "Ọwọ́ òsì lo wí?"

"Òsì. Ìyẹn ló máa lọ sí ibi tí dúdú wà tẹ́lẹ̀."

Ayọ̀dé so ó. Ó so èkejì, Buraimoh mú tépù, ó dì wọ́n, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì di wáyà rí láti ìgbà tó ti dé ìsọ̀ náà. Ìgbà tí Régine padà dé, wọ́n tan ẹ́ńjìnnì. Wọ́n jẹ́ kó gbóná dáadáa kí fáànù tó bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Buraimoh ya bébà mìíràn, ó fún Régine lọ́wọ́ kó fúnra rẹ̀ nà án síwájú rédíétọ̀. Bébà náà fò mọ́ rédíétọ̀, ó lẹ̀ pinpin.

Régine yọ ọ́, ó tún nà án. Ó lẹ̀. Ó wọ ọkọ̀ padà.

"Papa, ẹ ṣeun," ló wí. "Tí mo bá dé, ẹ̀yin ni n ó máa gbé ọkọ̀ wá fún. Ẹni yìí kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án mọ́. N ó sì sọ fún gbogbo ẹni tó ní ọkọ̀ níbi iṣẹ́ wa."

Buraimoh mi orí. Àwọn ọkọ̀ ilé ìwòsàn yẹn ni wọ́n ń bọ́ ọ, òun àti àwọn ará ilé rẹ̀ ní Kétu. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa irinṣẹ́ rẹ̀ nílẹ̀. Ó rò pé ẹ̀gbọ́n á ti padà sórí àga rẹ̀.

Ayọ̀dé kò padà. Ó gbé ọwọ́ lé ara jíìpù, ó ń tọ ara ọkọ̀ náà bọ̀ láti bọ́nẹ́ẹ̀tì títí dé ẹnu ọ̀nà ibi tí Régine jókòó sí. Ó di fèrèsé mú.

"Madame, ẹ dúró."

"Papa, òjò…"

"Mo gbọ́ bó ṣe ń bọ̀. Rédíétọ̀ kò ṣe nǹkan kan. Fáànù kò ṣe nǹkan kan, ibi tó yẹ kí ọmọ yìí gbé e sí ló gbé e sí. Wáyà ni wọ́n so sódì. Èmi ni mo so ó."

Òòlù ìsọ̀ kejì tún dákẹ́.

"Ẹ̀yin?"

"Èmi. Ojú mi kò mọ búlúù yàtọ̀ sí dúdú mọ́."

Régine wò ó, ó wo Buraimoh, ó tún wò ó. "Ẹ̀yin kọ́ lẹ bú u níṣojú mi níbí yìí?"

"Èmi ni."

"Ta ló wá tún un so?"

"Ọwọ́ mi ni. Ojú tirẹ̀ ni."

Obìnrin náà kọ ojú sí Buraimoh. "Ìwọ, kí ló dé tí o fi gbà á?"

Ohun tó jáde lẹ́nu Buraimoh ni, "Tẹ́ ẹ bá dé orí òkè, Madame, ẹ máa wo géèjì. Tí abẹ́rẹ́ bá kọjá àárín, ẹ dúró kó tutù. Ẹ má ṣí ìdérí rédíétọ̀ tó bá ń gbóná lọ́wọ́."

"Mo gbọ́," ni Régine wí. Ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀. Ó tú búréèkì, ó lọ. Ní ìkóríta, ó jọ pé ó na ọwọ́ síta láti fèrèsé, ṣùgbọ́n òjò ti bẹ̀rẹ̀, Buraimoh kò lè búra pé òun rí i.

Wọ́n sáré wọ abẹ́ páànù. Ayọ̀dé jókòó, ó ń nu orí.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá ti jẹ́ kí Qowiyyu kọ́kọ́ lọ kí ẹ tó sọ ọ́. Kó tó di ìrọ̀lẹ́, wọ́n á ti gbọ́ ọ dé àdúgbò Nombakélé."

"Ìyàlẹ́nu ni pé wọn ò tíì gbọ́ láti ọjọ́ yìí," ni Ayọ̀dé wí. Lẹ́yìn náà ló ní, "Mo bú ẹ."

"Ẹ̀gbọ́n ni yín."

"Mo bú ẹ, Buraimoh. Má fi ẹ̀gbọ́n bò ó."

Òjò ń lu páànù gan-an. Takisí kan yà wọ iwájú ìsọ̀, awakọ̀ rẹ̀ yọ orí, ó fi ọwọ́ bo orí náà. "Papa! Iná ẹ̀yìn ọkọ̀ mi kò tàn mọ́, ọlọ́pàá á mú mi nínú òjò yìí!"

Ayọ̀dé kò dìde. Ó fi ẹsẹ̀ ti àpótí irinṣẹ́ rẹ̀ títí ó fi kan Buraimoh lẹ́sẹ̀.

"Lọ wò ó."

"Èmi? Wáyà, ẹ̀gbọ́n?"

"Rédíétọ̀ lo gbọ́ pé ó pè ni?"

Awakọ̀ náà bú sẹ́rìn-ín. "Papa, oní-rédíétọ̀ ni kó wá ṣe iná fún mi?"

"Òun ni. Èmi ò ríran mọ́. Tó ò bá fẹ́, wá ibòmíràn lọ."

Ẹ̀rín kú lẹ́nu awakọ̀. Ó wo bàbá náà, ó wo òjò tó ń bọ́ ṣòòròṣò, ó sì pa ẹ́ńjìnnì.

Buraimoh gbé àpótí náà jáde. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn takisí, ó tú ìdérí iná, omi ń ṣàn lọ́rùn rẹ̀.

"Kí lo rí?" ni Ayọ̀dé kígbe láti abẹ́ páànù.

"Wáyà mẹ́ta!"

"Mo mọ̀ pé mẹ́ta ni. Mo ti ń ṣe é kí wọ́n tó bí ẹ. Àwọ̀ wọn ni mò ń bi ọ́!"

Buraimoh fi apá nu òjò kúrò lójú, ó sún mọ́ ọn dáadáa, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kà wọ́n fún un sókè, lọ́kọ̀ọ̀kan.